Òbìrìkìtì Kékeré Tó Ń Jẹ́rìí: Bí A Ṣe Ń Ka Máàpù Àtijọ́ Ilẹ̀ Osage

Lónìí, máàpù ni mo fẹ́ ká kà. Mo ní ká kà á, n kò ní ká wò ó, torí pé ìwé ni máàpù. Ó ní àmì tirẹ̀, ó ní gírámà tirẹ̀, ẹni tí kò bá sì mọ gírámà yẹn, ìlà àti àwọ̀ lásán ni yóò máa rí.

Àwọn máàpù tí mo ní lọ́kàn ni èyí tí iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ U.S. Geological Survey, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí USGS, ṣe lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ibi tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni Osage County, ní àríwá ìpínlẹ̀ Oklahoma. Ilẹ̀ koríko ni ibẹ̀: màlúù ń jẹ lórí rẹ̀, epo rọ̀bì wà lábẹ́ rẹ̀. Lórí máàpù ibẹ̀, àmì kan wà tó rọrùn láti fojú fò dá. Òbìrìkìtì kékeré ni, yíǹkì dúdú ni wọ́n fi yà á, inú rẹ̀ sì ṣófo. Gbogbo ohun tó ń sọ kò ju pé kàǹga epo tàbí ti gáàsì wà níbí. Àwọn tó yà á ò lè mọ̀ pé nígbà tó bá yá, òbìrìkìtì yẹn ni yóò kù gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí fún ọ̀pọ̀ kàǹga tí gbogbo ayé ti gbàgbé. Ìdí tí ẹ̀rí rẹ̀ fi ṣe é gbọ́kàn lé ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ilẹ̀ kan, onílẹ̀ méjì

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ náà. Àwọn ẹ̀yà Osage, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Wazhazhe, ni ilẹ̀ náà jẹ́ tiwọn. Kansas ni wọ́n ń gbé kí wọ́n tó lé wọn kúrò níbẹ̀, ní àwọn ọdún 1870 sì ni wọ́n fi owó ara wọn ra ilẹ̀ tuntun yìí lọ́wọ́ àwọn Cherokee. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà wá ń fọ́ ilẹ̀ àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ sí wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pín in fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àwọn Osage takú lórí ohun kan. Òfin ọdún 1906 pín ojú ilẹ̀ fún ọmọ ẹ̀yà náà 2,229, ó lé ní 600 éékà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀, ì báà jẹ́ epo, ì báà jẹ́ gáàsì, kò ṣe é pín. Ti gbogbo ẹ̀yà lápapọ̀ ni. Owó tó bá ti ibẹ̀ wá ni wọ́n ń pín sí ọ̀nà 2,229.

Láti 1897 ni wọ́n ti ń rí epo níbẹ̀, ṣùgbọ́n pápá epo Burbank, tí wọ́n ṣí ní 1920, ló sọ ọ̀rọ̀ náà di ńlá. Abẹ́ igi kan ní Pawhuska, olú ìlú àwọn Osage, ni wọ́n ti ń lu ẹ̀tọ́ láti gbẹ́ epo ní gbàǹjo. Wọ́n ti san ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ níbẹ̀ fún ilẹ̀ 160 éékà péré. Owó yìí náà ló fa ìpànìyàn tó bá àwọn Osage ní àwọn ọdún 1920, èyí tí David Grann kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 2017, tí wọ́n sì ti fi ṣe sinimá. Ẹ̀yin tí ẹ ti wo sinimá náà, ẹ ti mọ ìyẹn, kí n má tún un sọ.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú ni pé ilẹ̀ yìí ní onílẹ̀ méjì. Nínú èdè tiwa, "ilẹ̀" kan náà ni ibi tí à ń tẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ tí à ń gbìn sí, àti dúkìá tí à ń jogún. Òfin Osage gé ọ̀rọ̀ yẹn sí méjì: ojú ilẹ̀ lọ́tọ̀, abẹ́ ilẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ọ̀pọ̀ ojú ilẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí kì í ṣe Osage, àwọn tó ń sin màlúù ní àwọn ibi tí wọ́n ń pè ní ráǹṣì. Ráǹṣì kì í ṣe gáà Fúlàní o. Ilẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún éékà ni, wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí i ká, ilé olówó rẹ̀ lè wà ní máìlì mẹ́ta sí ti aládùúgbò rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Chapman-Barnard, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1915. Àjọ The Nature Conservancy ra lára rẹ̀ ní 1989 láti fi dáàbò bo koríko gíga ilẹ̀ náà, wọ́n sì dá ẹfọ̀n Amẹ́ríkà padà síbẹ̀ ní 1993. Síbẹ̀síbẹ̀, kàǹga epo ṣì wà láàrin ẹfọ̀n títí di òní.

Ẹni tó ni koríko kò ní epo. Àwọn tó ni epo, koríko kì í ṣe tiwọn mọ́. Ẹni tó bá gba àṣẹ láti gbẹ́ epo lẹ́tọ̀ọ́ láti gba orí ilẹ̀ olómàlúù kọjá, kí ó là á lọ́nà, kí ó sì ri páìpù mọ́ ọn. Owó ohun tó bá bàjẹ́ nìkan ni olómàlúù lè gbà. Tí omi iyọ̀ tó máa ń bá epo jáde bá wá ṣàn sórí koríko, ojú ibẹ̀ á pá, ó sì lè pẹ́ lọ́pọ̀ ọdún kó tó tún hu nǹkan. Tí epo bá tán tí iléeṣẹ́ náà bá kógbá wọlé, olómàlúù ni ihò yẹn máa kù fún.

Bí wọ́n ṣe ṣe máàpù náà

Láti 1879 ni USGS ti wà. Láyé àtijọ́, awọnlẹ̀, ìyẹn sọ̀fíyọ̀, á gbé tábìlì kékeré rẹ̀ gun orí òkè, á máa wo ọ̀kánkán, á sì máa ya ohun tó ń rí. Iṣẹ́ ọgbọ́n ni, àmọ́ ó lọ́ra. Lẹ́yìn ogun, wọ́n gùn lé máàpù tó tóbi jù ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1:24,000. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé íǹṣì kan lórí ìwé jẹ́ 2,000 ẹsẹ̀ bàtà lórí ilẹ̀. Kí wọ́n tó fi irú máàpù bẹ́ẹ̀ bo ìpínlẹ̀ 48 tó fara kanra, ó gbà wọ́n ní èyí tó ju 55,000 lọ, 1992 ni wọ́n sì tó kéde pé ó parí.

Bàálù ló mú kó ṣe é ṣe. Bàálù á máa fò lọ tààrà, á máa ya fọ́tò ilẹ̀, bó sì ṣe ń yà á, fọ́tò kọ̀ọ̀kan á gorí èyí tó ṣáájú rẹ̀ ní nǹkan bí ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Kí nìdí? Ẹ fi ọwọ́ bo ojú kan, kẹ́ ẹ wá gbìyànjú láti ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ẹ ó rí i pé ojú kan kì í mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Fọ́tò méjì tó gorí ara wọn ni ojú méjì bàálù. Nínú ọ́fíìsì, òṣìṣẹ́ kan á jókòó sídìí ẹ̀rọ bí èyí tí Harry Kelsh ṣe, á wọ awò tí ojú kan rẹ̀ pupa tí ìkejì jẹ́ àwọ̀ aró, fọ́tò kan á wọ ojú ọ̀tún, ìkejì á wọ ojú òsì, ilẹ̀ á sì dìde níwájú rẹ̀ pẹ̀lú òkè àti àfonífojì. Á wá máa darí àmì iná kékeré kan káàkiri ojú ilẹ̀ yẹn láìjẹ́ kó gòkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀. Ibi tí àmì náà bá gbà ni yóò di ìlà gíga, ìyẹn ìlà tó so gbogbo ibi tí gíga wọn dọ́gba pọ̀.

Ṣùgbọ́n fọ́tò ò mọ gbogbo nǹkan. Kò mọ orúkọ odò. Kò mọ̀ bóyá èèyàn ń sùn nínú ilé kan tàbí koríko gbígbẹ ni wọ́n kó síbẹ̀. Nítorí náà, wọ́n á tún rán ẹnì kan lọ sórí ilẹ̀ náà pẹ̀lú fọ́tò lọ́wọ́, kó máa wo ohun tí bàálù rí, kó sì máa bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè. Ní ẹsẹ̀ máàpù kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ ọdún tí bàálù ya fọ́tò àti ọdún tí ẹni yìí lọ wò ó. Kẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ ka ibẹ̀, jọ̀wọ́. Ẹlẹ́rìí tí kò sọ ọjọ́ tí ó rí nǹkan, ẹ̀rí rẹ̀ ò pé.

Ó tún ní òfin tí wọ́n fi ń dán iṣẹ́ náà wò, èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣàtúnṣe sí ní 1947. Tí wọ́n bá yẹ àwọn ibi tó hàn gbangba lórí máàpù wò, ó kéré tán, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn gbọ́dọ̀ wà ní àyè wọn, kí àṣìṣe má ju ìdá kan nínú àádọ́ta íǹṣì lọ. Ní ìwọ̀n 1:24,000, ìyẹn jẹ́ 40 ẹsẹ̀ bàtà, nǹkan bíi mítà méjìlá. Ẹ fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn, ó máa wúlò fún wa níwájú.

Ohun kan tún wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Kí ẹnikẹ́ni tó lè wọn ilẹ̀ tó fẹ̀ báyẹn, ó gbọ́dọ̀ ní ibì kan tí ó ti bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo ìwọ̀n yòókù á ti máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Fún àwọn máàpù yìí, ibẹ̀ ni àmì kan tí wọ́n fi sílẹ̀ ní 1891 ní Meades Ranch, ní Kansas. Ilẹ̀ ìjẹko màlúù ni! Lórí àmì kan láàrin pápá màlúù ni ìwọ̀n gbogbo North America tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1927 dúró lé.

Àwọ̀ bí àmì ohùn

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá kàwé. Yíǹkì márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń lò. Búráùn ni ti ìlà gíga. Àwọ̀ aró ni ti omi. Àwọ̀ ewé ni ti igbó. Pupa ni ti títì ńlá àti ìlà tí ìjọba fi pín ilẹ̀ sí igun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ máìlì kan. Dúdú ni ti ohun tí ọwọ́ èèyàn ṣe, àti ọ̀pọ̀ orúkọ. Tí ẹ bá rí yíǹkì kẹfà, tó jẹ́ elésè àlùkò, ó ń kìlọ̀ fún yín ni: wọ́n kàn fi fọ́tò tuntun tún ibẹ̀ ṣe ni, ẹnikẹ́ni ò tíì fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ láti wò ó.

Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní fonọ́lọ́jì, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Àwọ̀ lórí máàpù ń ṣe iṣẹ́ tí ohùn ń ṣe lẹ́nu wa. Igba, igbá, ìgbà: kọ́ńsónáǹtì ò yí padà, fáwẹ̀lì ò yí padà, ohùn nìkan ló yà wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà "well" rí lórí máàpù. Tí wọ́n bá fi àwọ̀ aró kọ ọ́, kàǹga omi ni, màlúù lè mu níbẹ̀. Tí òbìrìkìtì náà bá dúdú, epo tàbí gáàsì ni. Ní Texas, tó wà ní gúúsù Oklahoma, èyí tún dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn olómàlúù ibẹ̀ máa ń pe adágún omi tí wọ́n gbẹ́ fún màlúù ní "tank". Àwọ̀ aró ni orúkọ rẹ̀ máa ń jẹ́ lórí máàpù. Ṣùgbọ́n "tank" tí wọ́n fi yíǹkì dúdú kọ, agbada irin ńlá ni, epo ló sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Àwa Yorùbá tí a yá "táńkì" lò, ti irin àti ti ike nìkan la mú, a fi adágún sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe fi ohun kan ṣoṣo ya àmì méjì sọ́tọ̀, bí a ṣe ń ya "gbà" àti "pà" sọ́tọ̀. Igun mẹ́rin kékeré tí inú rẹ̀ kún, ilé tí èèyàn ń gbé tàbí tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ni. Igun mẹ́rin tí inú rẹ̀ kò kún, àká tàbí ilé ẹrù ni. Òbìrìkìtì tí inú rẹ̀ kún dúdú, táńkì ni. Òbìrìkìtì tí inú rẹ̀ ṣófo, kàǹga epo tàbí gáàsì ni. Kíkún àti ṣíṣófo, ó parí! Gírámà tó rọrùn báyìí kò fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ fún àṣìkà.

Ẹni tó bá wá fi ẹ̀rọ aláwọ̀ dúdú àti funfun ṣe ẹ̀dà irú máàpù yìí ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ohun tó ṣe kò yàtọ̀ sí ohun tí ẹ̀yin náà ń ṣe fún mi lórí WhatsApp, tí ẹ̀ ń kọ Yorùbá láìsí àmì ohùn, tí mò ń ronú bóyá ọkọ́ ni ẹ fẹ́ rà ni tàbí ọkọ̀.

Ohun tí máàpù ò sọ

Kí ìfẹ́ máàpù má baà ra wá níyè, ẹ jẹ́ ká sọ ibi tó dákẹ́ sí. Kò sọ ẹni tó ni koríko, kò sọ ẹni tó ni epo. Ìyapa òfin 1906 tí mo ṣàlàyé, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú níbẹ̀, ìlà kan ò sí lórí máàpù tó fi í hàn. Ilé olómàlúù àti kàǹga epo wà nínú yíǹkì dúdú kan náà bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n.

Òbìrìkìtì náà kò sì sọ bí kàǹga ṣe jìn tó, ẹni tó gbẹ́ ẹ, tàbí bóyá wọ́n ti dí i. Àyè tún ń dín ín kù: tí kàǹga méjì bá wà ní ogún ẹsẹ̀ bàtà síra wọn, ìwọ̀n 1:24,000 kò ní àyè fún òbìrìkìtì méjì. Kàǹga tí wọ́n sì ti pa tì pátápátá kí bàálù tó dé, tí koríko ti bò, kò sí ohun tí bàálù máa rí.

Ti orúkọ náà ńkọ́? Àjọ tí Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 1890 láti máa fọwọ́ sí orúkọ ibi gbogbo ní í lànà pé orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń lò ni kí wọ́n kọ. Ìlànà tó dára ni, àmọ́ ìbéèrè tó ń tẹ̀ lé e ni pé: àwọn ará ibẹ̀ wo? Ní àsìkò pápá Burbank, ìlú àwọn òṣìṣẹ́ epo kan wà níbẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń pè ní Whizbang. Orúkọ náà ò dùn mọ́ iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, wọ́n ní Denoya ni kó máa jẹ́. Ìlú kan, orúkọ méjì, ọ̀kan lẹ́nu, ọ̀kan lórí ìwé! "Osage" fúnra rẹ̀, bí àwọn ará Faransé ṣe gbọ́ Wazhazhe ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Àwọn Osage wá dá ọ̀nà ìkọ̀wé tiwọn sílẹ̀ ní 2006, ó sì wọ inú Unicode ní 2016, ọdún kan náà tí Adlam ti àwọn Fúlàní wọ ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ya máàpù wa yìí, kò sí èyí tó ti ṣẹlẹ̀.

Ẹlẹ́rìí tí kò mọ̀ pé òun ń jẹ́rìí

Ó dáa, tí máàpù bá dákẹ́ lórí nǹkan tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a fi ń gba ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́?

Ẹ wo àwọn ẹlẹ́rìí yòókù ná. Iléeṣẹ́ tó gbẹ́ kàǹga ní ìdí láti dákẹ́, torí pé owó ni dídí kàǹga. Wọ́n gbọ́dọ̀ da sìmẹ́ńtì sí i dé ìsàlẹ̀ kí gáàsì má baà gòkè, kí omi iyọ̀ má sì wọnú omi tí èèyàn ń mu. Kí òfin tó le, ẹlòmíràn á ti igi àti òkúta bọ ọ́, ẹlòmíràn á kàn fi í sílẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìgbà yẹn ti kú, ìwé wọn ti bá wọn lọ. Ìwé ìjọba náà ò pé, nítorí pé gbígbẹ́ epo ti bẹ̀rẹ̀ kí àkọsílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Àpapọ̀ àjọ àwọn ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ epo ní Amẹ́ríkà fojú bù ú pé kàǹga aláìlólówó tí kò sí nínú ìwé kankan wà láàrin 310,000 sí 800,000. Ẹ wo bí àlàfo àárín nọ́ńbà méjèèjì ṣe fẹ̀ tó. Ìyẹn nìkan ti sọ fún yín bí ìmọ̀ nípa rẹ̀ ṣe kéré tó.

Ẹni tó ya máàpù ò sí nínú ẹjọ́ yìí rárá. Kò gba owó lọ́wọ́ olépo, kò bá olómàlúù ṣọ̀rẹ́. Lórí ilẹ̀ koríko tí kò ní igi tí kò ní ilé, kàǹga epo jẹ́ ohun tí arìnrìn-àjò lè fi mọ ibi tó wà, torí náà ló fi yà á. Ohun tí kò fẹ́ fi í sọ gan-an ló jẹ́ ká lè gbà á gbọ́. Òfin mítà méjìlá tí mo sọ lókè sì jẹ́ ká mọ bí ibi tó nawọ́ sí ṣe péye tó.

Nínú iṣẹ́ tiwa náà, a mọ irú ẹlẹ́rìí báyìí. Koelle kó ọ̀rọ̀ èdè púpọ̀ jọ ní Freetown, ó sì tẹ Polyglotta Africana jáde ní 1854 láti fi èdè wé èdè. Ṣùgbọ́n ó kọ díẹ̀díẹ̀ nípa àwọn tó bá sọ̀rọ̀ àti bí wọ́n ṣe di ẹrú, lónìí àwọn òpìtàn ń fi ìyẹn wádìí òwò ẹrú. Àkọsílẹ̀ tó dára máa ń gbé ju ẹrù tí wọ́n dì fún un lọ.

Ní 2024, àwọn onímọ̀ ní Lawrence Berkeley National Laboratory ní California tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa wá òbìrìkìtì ṣíṣófo yẹn lórí máàpù USGS tó wà láàrin 1947 sí 1992, àsìkò tí àmì náà ò yí padà. Iṣẹ́ náà le ju bó ṣe dà bí lọ. Òbìrìkìtì ló kún inú ìwé: ó wà nínú 9, ó wà nínú 6, ó wà nínú lẹ́tà "o". Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kọ́ ohun tí ọmọdé tó ń kọ́ ìwé kíkà ń kọ́, pé àyíká àmì ló ń sọ ohun tí àmì jẹ́. Wọ́n wá mú àmì tí ó rí, wọ́n fi wé àkọsílẹ̀ ìjọba. Èyí tó bá jìnnà ju 100 mítà lọ sí kàǹga èyíkéyìí tó wà nínú àkọsílẹ̀ ni wọ́n yà sọ́tọ̀. Àgbègbè mẹ́rin péré ni wọ́n wò, Los Angeles àti Kern ní California, Osage àti Oklahoma County ní Oklahoma. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí 1,301 tó ṣe é ṣe kó jẹ́ kàǹga tí kò sí nínú ìwé.

Ẹ ṣàkíyèsí pé mo ní "ó ṣe é ṣe". Máàpù nawọ́ sí ibẹ̀ ni, ẹnì kan ṣì gbọ́dọ̀ lọ. Wọ́n lè wo fọ́tò sátẹ́láìtì, wọ́n lè gbé ẹ̀rọ tó ń gbọ́ òórùn irin lọ, torí pé páìpù irin sábà máa ń wà nínú kàǹga. Àwọn kan ti yọ irin wọn tà, ìyẹn á ṣòroó rí. Ṣùgbọ́n wíwá nǹkan ní mítà méjìlá yàtọ̀ sí wíwá a nínú ìgbẹ́ ẹgbẹ̀rún éékà. Òfin kan tí Amẹ́ríkà ṣe ní 2021 ya 4.7 bílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ láti fi dí kàǹga aláìlólówó. Kò sí ẹni tó lè fi kọ́bọ̀ kan nínú owó yẹn dí kàǹga tí kò mọ ibi tó wà. Nínú kàǹga bẹ́ẹ̀, gáàsì methane lè máa tú síta bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, omi iyọ̀ sì lè máa yọ́ lọ sínú omi tí ìdílé kan ń fà sẹ́nu.

Bí ẹ bá fẹ́ wò ó fúnra yín

Gbogbo máàpù yìí wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. USGS ti fi ẹ̀rọ ka èyí tó ju 178,000 lọ, láti 1884 dé 2006, pẹ̀lú àwọ̀ wọn. Ẹ wá topoView, ẹ yan ibi tí ẹ fẹ́, ẹ ó sì rí oríṣiríṣi ọdún. Ẹ gbé ti àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tuntun, kẹ́ ẹ máa wo ohun tó wọlé àti ohun tó jáde.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo: nọ́ńbà tó wà létí máàpù wọ̀nyí, ìwọ̀n ti 1927 ni, láti Meades Ranch. Ti fóònù yín kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ẹ ò bá kọ́kọ́ yí nọ́ńbà padà, ẹ máa dúró ní ọ̀pọ̀ mítà sí ibi tí kàǹga wà, ẹ ó sì máa sọ pé máàpù purọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti di ará Texas àti Oklahoma, tí ẹ̀ ń ra ilẹ̀ láti kọ́ ilé. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi lọ́yà yín léèrè nǹkan méjì. Èkíní, ṣé abẹ́ ilẹ̀ wà nínú ohun tí mò ń rà, àbí ojú ilẹ̀ nìkan? Níbẹ̀, ó ṣe é ṣe kí wọ́n ti tà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó bí bàbá ẹni tó ń ta ilẹ̀ fún yín. Èkejì, kàǹga epo ti wà níbí rí bí? Tí ó bá wo àkọsílẹ̀ ìjọba tó ní kò sí, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ wá fúnra yín ṣí máàpù ọdún 1950 sí 1979, kẹ́ ẹ sún mọ́ ọn dáadáa. Tí ẹ bá rí òbìrìkìtì dúdú tí inú rẹ̀ ṣófo níbi tí ẹ fẹ́ gbé yàrá ọmọ sí, ẹ má tíì fọwọ́ sí ìwé kankan.

Ó dìgbà kan ná. Ire o.